Bí A Ṣe Ń Gbé Ẹ̀hónú Lọ Bá Ará Ilé Tí Kò Ní Di Ìjà

Ilé alájùmọ̀gbé ní Mushin ni mo ní lọ́kàn, níbi tí jẹnẹrétọ̀ ẹnì kan ti ń bú títí di òru tí ọmọ ẹlòmíràn ò sì rí oorun sùn.

Ẹ kọ́kọ́ wá àsìkò. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìdúmọ̀tà dé, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá dúró lórí afárá Third Mainland, ẹ jẹ́ kó wẹ̀, kó jẹun. Aago 8 alẹ́ ni. Ẹ má lọ láàárọ̀ láé. Ẹ pè é sẹ́yìn ilé, kúrò lọ́dẹ̀dẹ̀ tí àwọn ayálégbé ti ń nà etí.

Ẹ kí i, ẹ béèrè ọmọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni kẹ́ ẹ sọ, ẹ má sọ irú ẹni tó jẹ́. “Jẹnẹ yín ò jẹ́ kọ́mọ sùn lánàá” ti tó. “Ẹ ò láàánú” ló ń fa ẹ̀ṣẹ́.

Ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́ rèé: wọ́n á sọ tiwọn tán, wọn ò ní lè dákẹ́. Onítọ̀hún ò tíì lanu dáadáa, “Ẹ gbọ́ ná, ẹ gbọ́ ná!” Ẹ panu mọ́. Bó bá ń parọ́, ẹ jẹ́ kó parọ́ tán. Ẹ má pòṣé, ẹ má wo fóònù. Mo ti rí ẹni tí wọ́n fẹ́ bẹ̀, tó já ẹ̀bẹ̀ náà gbà lẹ́nu ẹlẹ́bẹ̀.

Bó bá sọ tán, ẹ ṣì má fèsì. Ẹ tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ fún un: “Ẹ ní torí ẹja inú fìríìsà lẹ ṣe ń tàn án dòru, àbí?” Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kó tún un ṣe. Ìgbà tó bá ní “Bẹ́ẹ̀ ni” ló tó kàn yín. Àwọn kan ní ó ń fàkókò ṣòfò. Kèéta olóṣù mẹ́ta ńkọ́?

Bí ẹnu bá ń yún yín, ẹ mú píọ̀wọ́tà dání. Bí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ bọ́, ẹ fà á mu. Àwọn kan ń lo ẹ̀pà, èmi ò fara mọ́ ọn: ẹni tó ń jẹun síni létí, ẹ̀gàn ló jọ.

Ẹ má gba ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Wọ́n á gbé e kiri ilé. Bí kò bá sí nílé, ẹ pè é. Àdéhùn nìkan ni kẹ́ ẹ kọ sórí WhatsApp: “A ti jọ sọ ọ́ pé aago 11 ni jẹnẹ á máa kú, láti ọ̀la.” Alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, kí lánlọ́ọ̀dù tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.