Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Impact Driver Tó Yẹ fún Iṣẹ́ Ilé

Kí ẹ tó yọ owó, ẹ wò ó bóyá impact driver, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń de súkúrù, gan-an lẹ ń wá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń rà á tán kí wọ́n tó mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu ògiri búlọ́ọ̀kù. Tó bá jẹ́ tẹlifíṣọ̀n tàbí irin kọ́tìnnì lẹ fẹ́ gbé kọ́ ògiri, hammer drill ni kí ẹ rà. Tó bá jẹ́ nọ́ọ̀tì táyà mọ́tò, impact wrench ni, èyí tí orí rẹ̀ ní igun mẹ́rin. Súkúrù niṣẹ́ impact driver: bẹ́ẹ̀dì tó ń mì, ìlẹ̀kùn tó ti já, kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná, súkúrù páànù òrùlé.

Ohun tó fi ju dírílì lọ nídìí súkúrù wà nínú ikùn rẹ̀. Òòlù kékeré kan wà níbẹ̀. Nígbà tí súkúrù bá ṣì ń wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ ò ní gbọ́ ju pé ẹ̀rọ ń yí lọ. Tó bá ti kan ibi líle, òòlù yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a, tàtàtàtà, ó sì lè ju ìgbà 3,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Gbígbá yẹn ló ń yí súkúrù wọ igi líle bí ìrókò, láìjẹ́ pé ẹ̀rọ náà lọ́ yín lọ́rùn ọwọ́. Ariwo rẹ̀ kì í ṣe kékeré o. Ẹ wá nǹkan fi dí etí.

Ó wá kan fóltì, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń rẹ́ àwọn oníbàárà jẹ. 12V fúyẹ́, ó sì tó fún ẹni tó kàn fẹ́ máa to àga àti tábìlì. 18V ni mo máa ní kí onílé rà, torí ó lè ṣe iṣẹ́ igi àti iṣẹ́ òrùlé. Tí ẹ bá rí “20V MAX”, ẹ má sanwó lé e nítorí àkọlé yẹn, ọ̀kan náà ni òun àti 18V. Ẹyọ bátìrì kéékèèké márùn-ún tí wọ́n so tẹ̀ léra ló wà nínú àwọn méjèèjì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ń tó nǹkan bíi 4V tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣáàjì ẹ̀ tán, 3.6V sì ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tí wọ́n kọ “48V” tàbí “88V” sí lára, tí wọ́n sì ń tà ní owó pọ́ọ́kú ńkọ́? Kí bátìrì tó lè jẹ́ 48V, ẹyọ 12 ó kéré tán gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Èyí tó ṣe wẹ́kú àtẹ́lẹwọ́ yín ò lè gbà á.

Agbára yíyí, tí wọ́n ń fi Nm kọ, 150 sí 180 ti tó fún ilé. Èyí tó bá pọ̀ jù á kàn máa já orí súkúrù wẹ́wẹ́ ni. Ẹ yan èyí tó ní ìpele eré méjì tàbí mẹ́ta.

Bátìrì gan-an lẹ ń rà, ẹ̀rọ kàn bá a wọlé ni. Bátìrì iléeṣẹ́ kan kì í sábà wọ ẹ̀rọ iléeṣẹ́ mìíràn, nítorí náà ẹ yan orúkọ tí ẹ lè rí bátìrì rẹ̀ rà nílùú yín, tó sì ní àwọn irinṣẹ́ mìíràn tí ẹ lè fẹ́ rà lọ́la. Ah ni wọ́n fi ń sọ bí iná tí bátìrì lè gbà ṣe pọ̀ tó; 2Ah tó fún iṣẹ́ ilé. 4Ah máa ń pẹ́ kó tó kú, ṣùgbọ́n ẹ gbé e sókè lọ́wọ́ kan fún ìṣẹ́jú kan bí ẹni tó ń kan sílìn-ìn, ẹ̀yin náà á mọ̀ ọ́n lára. Ẹ béèrè bóyá bátìrì àti ṣájà wà nínú páálí, torí ẹ̀rọ nìkan ni wọ́n ń tà nígbà mìíràn.

Tòkunbọ̀ ńkọ́? Ẹ dojú ṣájà rẹ̀ délẹ̀, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síwájú INPUT. Èyí tó bá ti Amẹ́ríkà wá máa ń jẹ́ 120V. Tí ẹ bá ki ṣájà náà bọ iná 230V tiwa láìlo transformer, á jó. Ti ìlú Ọba kì í sábà ní wàhálà yìí, ẹnu ṣájà wọn pàápàá bá sọ́kẹ́ẹ̀tì wa mu.

Brushless, ìyẹn èyí tí kò ní búrọ́ọ̀ṣì kábọ́ọ̀nù nínú, wọ́n díẹ̀, kì í tètè gbóná, kì í sì í tètè jẹ bátìrì tán. Ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń lò ó lè fi owó yẹn ra nǹkan mìíràn.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ fi ìka tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ jẹ́ẹ́, kó sì máa yára sí i bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Èyí tó bá fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ dá a padà. Ẹ fa òrùka ẹnu rẹ̀, ẹ ki bíìtì, irin kékeré tó ń wọ orí súkúrù, bọ̀ ọ́, ẹ fà á wò. Kó mì díẹ̀ kò burú, kó yọ lọ́wọ́ ló burú.

Ẹ ra bíìtì tí wọ́n kọ “impact” sí lára, torí èyí tó wà fún dírílì lásán máa ń kán. Ẹ sì wo orí súkúrù yín dáadáa: PH2 rí bí àgbélébùú lásán, PZ2 ní ìlà tín-ín-rín mẹ́rin mìíràn láàárín. Tí ẹ bá fi ọ̀kan ṣiṣẹ́ èkejì, orí súkúrù á bó, káfíńtà lẹ máa pè wá yọ ọ́.