Bí a ṣe ń ka ìwé ìwádìí onímọ̀ molecular biology àti ìtọ́kasí wọn

Ẹ tún orúkọ ṣe ná, kí ẹ tó ka ohunkóhun. Ìdí orúkọ gan-an ni ọ̀pọ̀ ìṣirò ìtọ́kasí (iye ìgbà tí àwọn ìwé mìíràn dárúkọ ìwé kan) ti ń dàrú, pàápàá fún àwa ọmọ Yorùbá. Olùkọ́ kan ní yunifásítì FUTA l'Ákùrẹ́, tàbí ní UNIMED nílùú Oǹdó, lè ti tẹ ogún ìwé ìwádìí jáde, kí ẹ̀rọ tó ń ka ìtọ́kasí sì pín in sí èèyàn mẹ́ta. Ẹ wo Fọláṣadé: jọ́nà (ìwé àtìgbàdégbà tó ń tẹ ìwádìí jáde) kan á kọ ọ́ ní Folasade, òmíràn á kọ ọ́ ní Folashade. Àwa tún máa ń fi orúkọ ìdílé ṣáájú, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ gbà pé orúkọ tó kẹ́yìn ni ti ìdílé. Obìnrin tó wá ń jẹ́ orúkọ ọkọ lẹ́yìn ìgbéyàwó, ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ lè wà lábẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ gbogbo ọ̀nà tí orúkọ náà ti gbà jáde sílẹ̀, títí kan èyí tó jẹ́ lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ nìkan. Ẹ lọ sí orcid.org, ẹ gba nọ́ńbà ORCID, tó ń fi olùwádìí kan hàn yàtọ̀ sí òmíràn, tó sì jẹ́ àmì 16. Ọ̀fẹ́ ni. Àyè wà níbẹ̀ fún àwọn orúkọ yòókù. Ẹ kó gbogbo wọn síbẹ̀. Ìwé yòówù tí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí jọ́nà láti ọjọ́ náà, kí nọ́ńbà yìí bá a lọ.

Ó wá kan Google Scholar, ibi tí Google ti ń wá ìwé ìwádìí, tó sì ń ka ìtọ́kasí wọn. Ẹ tẹ «My profile», ẹ fi orúkọ àti ibi iṣẹ́ sí i, kí ẹ sì lo ímeèlì tí yunifásítì fún yín. Bí wọn kò bá lè fìdí ímeèlì náà múlẹ̀, ojú ewé yín kò ní jáde nígbà tí àwọn èèyàn bá ń wá a. Google á to àwọn ìwé tó rò pé ẹ̀yin lẹ kọ síwájú yín. Ẹ má kàn gbà wọ́n wọlé! Ẹni tó ń jẹ́ Adéyẹmí A. pọ̀ bí eṣú: ẹ ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ wo àwọn tí ẹ jọ kọ ọ́. Níbi tí wọ́n ti ń béèrè bí ìwé tuntun yóò ṣe máa wọlé, ẹ yan kí wọ́n máa fi ímeèlì béèrè lọ́wọ́ yín. Bí ìwé kan bá ti kọ́kọ́ wà lórí bioRxiv, ibi tí a ń gbé preprint (ìwé tí jọ́nà kò tíì yẹ̀ wò) sí, kí jọ́nà tó gbé e, ó lè hàn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ sàmì sí méjèèjì, kí ẹ tẹ «Merge».

Bí a ṣe ń ṣírò h-index, ìyẹn iye ìwé tó pọ̀ jù tí ìtọ́kasí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò dín sí iye náà, tí Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2005, kò le rárá. Ẹ to ìwé láti orí èyí tí wọ́n tọ́ka sí jù lọ. Ká ní méje ni, tí ìtọ́kasí wọn jẹ́ 41, 19, 12, 7, 5, 4 àti 0. Ìkarùn-ún ní 5, ó bá ipò rẹ̀ mu, ó wọlé. Ìkẹfà ní 4, kò tó 6, ẹ dúró níbẹ̀: h-index jẹ́ 5. Àpapọ̀ ìtọ́kasí jẹ́ 88. I10-index, iye ìwé tí ìtọ́kasí rẹ̀ tó mẹ́wàá, jẹ́ 3. Bí ìwé àkọ́kọ́ tilẹ̀ gòkè dé 400, h-index kò ní kúrò lórí 5. Kó tó lè di 6, ìkarùn-ún gbọ́dọ̀ rí ìtọ́kasí kan sí i, kí ìkẹfà sì rí méjì.

Iye tí Scopus, àkójọ ìwé ìwádìí mìíràn tó ń ka ìtọ́kasí, máa gbé wá sábà máa ń kéré sí ti Google Scholar, nítorí pé Google ń ka tíísìsì àti preprint mọ́ ọn. Kì í ṣe pé ọ̀kan parọ́. Ẹ kọ orúkọ ibi tí ẹ ti kà á àti ọjọ́ tí ẹ kà á sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà, kí ẹ má sì pa ti méjèèjì pọ̀. Scopus tún lè yọ ìtọ́kasí tí èèyàn ṣe sí iṣẹ́ ara rẹ̀ kúrò. Google Scholar kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ìwé tó ṣàlàyé ọ̀nà ìṣiṣẹ́. Èyí tí Lowry àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ní 1951 lórí bí a ṣe ń wọn protein ti ní ìtọ́kasí tó ju 300,000 lọ, torí pé gbogbo ẹni tó bá lo ọ̀nà náà ló ń dárúkọ rẹ̀. Impact factor (ìpíndọ́gba ìtọ́kasí tí ìwé inú jọ́nà kan ń rí) ní tirẹ̀, ti jọ́nà ni, kì í ṣe ti ìwé kan ṣoṣo inú rẹ̀. Àṣìṣe ńlá ni láti fi wọn èèyàn.

Bí ẹ bá ń kó ìwé jọ fún ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, ẹ kọ ipò orúkọ yín sí ẹ̀gbẹ́ ìwé kọ̀ọ̀kan. Nínú molecular biology, ẹni àkọ́kọ́ ló sábà máa ń ṣe iṣẹ́ náà jù, ẹni tó kẹ́yìn sì sábà máa ń jẹ́ olórí yàrá àyẹ̀wò. Ẹ fi nọ́ńbà gbogbo sequence (ìtò DNA) tí ẹ ti fi sí GenBank, ibi tí a ń kó wọn pamọ́ sí fún gbogbo ayé, kún un. Iṣẹ́ ni wọ́n, h-index kò sì rí wọn.