Bí mo ṣe fẹsẹ̀ tọ ipa Konka ní Saint Petersburg

Ìbéèrè kan ló lé mi jáde nílé lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kejì. Lọ́dún 1880, onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Fyodor Pirotsky, mú ọkọ̀ orí irin tí ẹṣin ń fà ní Saint Petersburg ní Rọ́ṣíà, ó so ẹ̀rọ mọ́ ọn nísàlẹ̀, ó sì fi iná mànàmáná wà á. Kí wá ló dé tó fi di 1907 kí tíráàmù oníná, ọkọ̀ orí irin tó ń fi iná mànàmáná rìn, tó gba ìgboro? Mo ti kà nípa rẹ̀, kò yé mi délẹ̀. Mo wọ bàtà òtútù, mo kọ ọ̀nà tí n ó gbà sínú bébà, ó di títì.

Ibùdókọ̀ ojú irin tó ń lọ Moscow ni mo ti gbéra. Láti 1863 ni Konka, ọkọ̀ orí irin tí ẹṣin ń fà, ti ń gba títì Nevsky Prospekt lọ sí Admiralty, ilé iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi. Èèyàn lè wá irin rẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn lónìí kójú ó pọ́n, kò ní í rí i. Mo rìn ín fún bíi wákàtí kan, kò sí ohun tí n ó rò níbẹ̀ ju yìnyín tó fẹ́ gbé mi ṣubú.

Etí odò Neva, lẹ́bàá Ààfin Ìgbà Òtútù, ni mo pẹ́ sí jù. Àwọn oní-Konka ti bá ìlú ṣàdéhùn lórí àwọn títì, wọn ò sì fẹ́ kí oníná kankan bá wọn dù ú. Odò kì í sáà ṣe títì! Nígbà tí Neva dì ní oṣù Kínní ọdún 1895, àwọn kan to pákó sórí omi dídì náà, wọ́n to irin lé pákó, wọ́n ri òpó wáyà mọ́ inú yìnyín, ni ọkọ̀ oníná bá ń gbé bí ogún èèyàn lọ sódìkejì. Tí òtútù bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, wọn a kó ẹrù wọn. Ẹ̀rín pa mí lójú ibẹ̀. Ìlú Nizhny Novgorod ní tíráàmù oníná lọ́dún 1896, Moscow ní 1899, Saint Petersburg tó jẹ́ olú ìlú ọba nígbà náà ṣì ń na ẹṣin.

Mo yọ fóònù láti ya fọ́tò, òtútù ti pa á. Bébà ọwọ́ mi ló mú mi gorí afárá dé erékùṣù Vasilievsky. Lẹ́bàá ibùdókọ̀ abẹ́ ilẹ̀ tó wà níbẹ̀, Konka kan dúró tẹ̀yẹ tẹ̀yẹ pẹ̀lú ẹṣin méjì. 2004 ni wọ́n gbé e síbẹ̀ fún ìrántí. Mo lọ sẹ́yìn rẹ̀ lọ wo àtẹ̀gùn. Irin ni, ó rí tín-ín-rín, ó sì lọ́ bí ìgbín. Nígbà ayé Konka, kópẹ́ẹ̀kì (owó wẹ́wẹ́ Rọ́ṣíà) 5 ni owó ọkọ̀ fún inú, 3 fún orí òrùlé, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọn ò fi jẹ́ kóbìnrin gun òkè nítorí àtẹ̀gùn yẹn. Wọn ò tún àtẹ̀gùn ṣe, obìnrin ni wọ́n kà léèwọ̀.

Ìlú ra ẹ̀tọ́ àwọn oní-Konka padà nígbà tó yá. Tíráàmù oníná àkọ́kọ́ tó gba ìgboro ní oṣù Kẹsàn-án 1907, erékùṣù yìí kan náà ló wá parí ìrìn rẹ̀ sí. Èmi náà dúró de tèmi níbẹ̀. Nígbà tó dé, mo wá ìjókòó tí ooru ń ti abẹ́ rẹ̀ jáde, mo sì bọ́ ìbọ̀wọ́.