Ogun ti parí, ibo lẹ máa ti bẹ̀rẹ̀ àtúntò ìlú? Ẹ wo Làìbéríà

Tí ogun bá ti parí báyìí, ìdìbò ni gbogbo ayé máa ń pariwo. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ẹni tí ìbọn ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dá lóhùn, torí òun ló lè da gbogbo ẹ̀ rú lálẹ́ ọjọ́ kan. Làìbéríà ò dìbò títí di October 2005, wọ́n ti gba ìbọn tán kó tó dìgbà yẹn.

Àmọ́ bí wọ́n ṣe gbà á gan-an ni kẹ́ ẹ fetí sí. August 2003 ni sójà Nàìjíríà balẹ̀ sí Monrovia, olú ìlú wọn, Charles Taylor tó jẹ́ ààrẹ wọn kó wá sí Calabar lọ́dọ̀ wa níbí, wọ́n wá fọwọ́ sí àdéhùn ní Accra. Nígbà tó di December, UN ní káwọn ọmọ ogun wá já ìbọn sílẹ̀ ní bárékè Schieffelin, 300 dọ́là lẹ́nì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ṣèlérí. Èèyàn bí 1,000 ni wọ́n múra sílẹ̀ fún, àwọn tó ya débẹ̀ jùyẹn lọ fíìfíì, àyè ò gbà wọ́n, wọ́n tún wá ní owó ò tíì sí lónìí. Ha! Ẹni tó gbébọn dání lẹ ń sọ fún pé kó máa lọ kó padà wá? Ni wọ́n bá ń yìnbọn kiri ìgboro, ẹ̀mí ṣòfò, UN sáré fi 75 dọ́là ṣe àsansílẹ̀, síbẹ̀ wọ́n dá ètò náà dúró títí di April 2004.

Torí náà ẹ ka orí, ẹ wá ibi tí wọ́n máa sùn, kówó wà ńlẹ̀, kẹ́ ẹ tó dá ọjọ́. Ẹ sì ṣọ́ ẹni tẹ́ ẹ máa kọ orúkọ ẹ̀ o: 150 ọta ìbọn tó láti fi wọnú ètò náà nígbà yẹn (èmi gan-an ì bá wá ọta kiri), èèyàn tó kọrúkọ lé ní 100,000, ìbọn tí wọ́n rí gbà bíi 28,000 péré.

Lẹ́yìn ìyẹn, àpótí owó. Lọ́dún 2005 wọ́n fọwọ́ sí ètò kan tí wọ́n pè ní GEMAP, àwọn àjèjì oníṣirò sì ń bá wọn fọwọ́ sí ìwé owó ní báńkì àgbà àti ní pọ́ọ̀tù nígbà yẹn. Àwọn kan ní àbùkù ni, òótọ́ ni, ó dùn mí náà, ṣùgbọ́n nígbà táwọn tó yá wọn lówó rí i pé ìwé ti ń tò, wọ́n fagi lé èyí tó pọ̀ jù nínú gbèsè tó lé ní 4 bílíọ̀nù dọ́là ní June 2010.

Iná ńkọ́? Ogun ti ba dáàmù Mount Coffee tó ń fún Monrovia níná jẹ́ láti 1990, December 2016 ló tó padà ṣiṣẹ́. Ellen Johnson Sirleaf, ààrẹ tí wọ́n dìbò yàn, ò dúró dè é, July 2006 ló fi jẹnẹrétọ̀ tan iná sáwọn títì kan ní Monrovia lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 15 nínú òkùnkùn. Ẹ ra jẹnẹrétọ̀ ná, kẹ́ ẹ má sì gbàgbé owó dísùù nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì.