Ẹ má tíì ra písítìn tuntun

Ẹ̀yin ènìyàn wa, bí ẹ̀rọ ìgégi àtijọ́ bá ti nọ́ọ̀kì, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú ẹ́ńjìnnì. Afẹ́fẹ́ tó bá gba ẹ̀gbẹ́ síìlì kíráńkì (rọ́bà tó dí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì) tàbí rọ́bà ìdí kabúrétọ̀ wọlé ni kì í jẹ́ kí epo tó. Ẹ́ńjìnnì á gbóná jù, písítìn tuntun náà á sì bàjẹ́.

Ẹ tú kabúrétọ̀ àti sàlẹ́ńsà, kí ẹ fi awẹ́ tíúbù kẹ̀kẹ́ dí ojú méjèèjì pa. Ẹ fi púlọ́ọ̀gì sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wá gba ihò kékeré tó so ilé kíráńkì mọ́ kabúrétọ̀ fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ dé 0.5 bar (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́) lójú géèjì. Tí ìwọ̀n náà bá ń wálẹ̀ kí ìṣẹ́jú kan tó pé, omi ọṣẹ á fi ibi tó ń jò hàn yín. Ẹ tún fa afẹ́fẹ́ jáde wò o (ọ̀pọ̀ ló máa ń fo èyí), torí síìlì tó gbó lè di afẹ́fẹ́ tí a fẹ́ sínú mú, kó sì jò tí a bá ń fà á.

Tí ẹ bá fẹ ojú sàlẹ́ńsà kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i, ẹ tú sukurúù H (èyí tó ń díwọ̀n epo lára kabúrétọ̀ tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré) díẹ̀, kí epo lè pọ̀ sí i. Rọ́bà epo tó ti le? Ẹ pààrọ̀ ẹ̀.