Ìpá Àfòyí Àti Òkìtì Ẹ̀yìn: Bí O Ṣe Lè Bẹ̀rẹ̀ L'Ábẹ́òkúta

Ìpá àfòyí ni ìpá tí èèyàn ń yí ara, tó sì ń fò ta; òkìtì ẹ̀yìn ni kó fò, kó yí ara gba ẹ̀yìn, kó tún fi ẹsẹ̀ balẹ̀. Ilẹ̀ ni ká kọ́kọ́ wò, torí àpáta pọ̀ n'Ábẹ́òkúta, sìmẹ́ǹtì sì kún ọgbà ilé. Má ta òkìtì lórí èyíkéyìí nínú wọn. Ra yanrìn odò, fi asẹ́ yọ òkúta àti àfọ́kù ìgò kúrò, kó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 1, kó fẹ̀ tó 10 níbùú lóròó. Fi ṣọ́bìrì tú u kí o tó bẹ̀rẹ̀ lójoojúmọ́. Yanrìn tí òjò ti tẹ̀ pọ̀ le bí ilẹ̀ lásán.

Òkìtì nìkan ni yanrìn yẹn wà fún o. Orí koríko tó tẹ́jú ni kí o ti ta ìpá, torí tí ẹsẹ̀ bá rì nígbà tí ara ń yí, orúnkún ló ń jìyà rẹ̀.

Sáré díẹ̀, ju ẹsẹ̀ síwá-sẹ́yìn, yí ọrùn ọwọ́ àti ọrùn ẹsẹ̀, títí òógùn á fi yọ.

Fún ìpá àfòyí, fi ẹsẹ̀ òsì síwájú. Gbé ọ̀tún kọjá rẹ̀, kí o sì máa yí sápá òsì títí ẹ̀yìn rẹ á fi kọjú síbi tí o fẹ́ ta. Ju orúnkún òsì sókè, fi ọ̀tún fò, kí ọ̀tún yẹn náà ta ìpá lókè. Òsì ni yóò kọ́kọ́ kanlẹ̀. Ẹni tó bá ń wolẹ̀, àyà rẹ̀ á tẹ̀, ìpá rẹ̀ ò ní ga ju ìbàdí lọ. Yí ojú ṣáájú, kí o wá ibi tí o fẹ́ ta lójú kí ẹsẹ̀ tó dé ibẹ̀. Tí o bá ta 10 láìta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́, ká òsì mọ́ra, kí ọ̀tún tó ta ìpá fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ìpá yìí ni wọ́n ń pè ní 540, ìyẹn iye dígírì tí wọ́n ní ara ń yí.

Òkìtì ẹ̀yìn ń fẹ́ sùúrù jù. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kí èèyàn ju orí sẹ́yìn kó tó fò tán: ẹ̀yìn ni ara á gbà dípò òkè, orí á sì kọ́kọ́ balẹ̀. Jẹ́ kí ẹnì kan na ọwọ́ ìgbálẹ̀ sókè, díẹ̀ ju ibi tí ọwọ́ rẹ dé lọ. Wo iwájú, fò, fi ọwọ́ méjèèjì kàn án. Ìgbà tí o bá kàn án ní 20 ìgbà, tí o ń sọ̀ kalẹ̀ síbi tí o ti fò, ni kí o tó máa fa orúnkún mọ́ àyà. Èèyàn méjì ni kó dúró tì ọ́, ọwọ́ kan nídìí ẹ̀yìn, èkejì lẹ́yìn itan. Tẹ orúnkún bí o bá ti kanlẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá fi ọrùn balẹ̀, ẹ má gbé e dìde, ẹ má yí i. Ẹ di orí rẹ̀ mú jẹ́jẹ́ kó má mì, kí ẹnì kan pe 112.