Egungun Èjìká Kì Í Sanra: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Bí A Bá Ń Fi Pátánì Rán Aṣọ fún Ẹni Tí Ara Rẹ̀ Kún

Ìyá Ìbejì, ẹ̀gbọ́n mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Kubwa l'Abuja, ni mo ti ara wọn mọ̀ pé mo ti ń ṣi pátánì lò, ìyẹn bébà tí a fi ń gé aṣọ. Àyà wọn jẹ́ íǹṣì 50. Mo wo ẹ̀yìn àpò pátánì, mo wá ibi tí wọ́n kọ 50 sí, mo sì gé e bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Nígbà tí wọ́n wọ gáùn náà, àyà rẹ̀ gbà wọ́n, ṣùgbọ́n èjìká ti ṣubú sórí apá, ọrùn là débi pé okùn kọ́mú ń yọ lọ́tùn-ún lósì, abẹ́ abíyá sì ká jọ bí àpò. Wọn ò bínú. Wọ́n kàn ní, "Ara mi ni ò dáa, àbúrò mi." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra, torí kò sí ohun tó ṣe ara wọn. Nọ́ńbà tí mo mú ni kò yẹ wọ́n.

Àṣìṣe tó ga jù nìyẹn, òun ni mo sì máa pẹ́ lórí rẹ̀: kí á máa fi ibi tí àyà ti kún jù yan sáìsì. Àwọn tó ń ṣe pátánì kì í ya sáìsì kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ya ọ̀kan, wọ́n á wá máa fẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ lọ sókè. Bí àyà bébà ṣe ń fẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èjìká àti ọrùn rẹ̀ ń fẹ̀. Ara èèyàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹran ara ló ń kún, egungun èjìká wà níbi tó wà látilẹ̀.

Ibi tó yẹ kí á kọ́kọ́ wọ̀n ni àyà òkè. Ẹ gbé téèpù gba abẹ́ abíyá, kí ó gba òkè ọmú kọjá, kí ó sì yí ẹ̀yìn po, kí ó le díẹ̀ mọ́ ara. Ti Ìyá Ìbejì jẹ́ 45. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín 45 àti 50 jẹ́ íǹṣì 5. Ọ̀pọ̀ pátánì àwọn kọ́ńpìnnì ńlá ni wọ́n yà fún kọ́ọ̀pù B, ìyẹn ẹni tí àyà rẹ̀ fi nǹkan bí íǹṣì 2 ju àyà òkè lọ. Nítorí náà, ẹ fi 2 kún 45, ó di 47. Sáìsì tó sún mọ́ 47 ni kí ẹ gé, kí ọrùn àti èjìká lè jókòó. Íǹṣì 3 tó kù, ọmú ló ni ín, iwájú nìkan la sì máa fi í sí.

Bí a ṣe ń fi í sí i rèé. Ìdajì iwájú ni bébà, torí náà ìdajì íǹṣì 3 la máa fi kún un, ìyẹn 1½. Ẹ gbé bébà náà lé ara, kí ẹ fi bírò sàmì sí ibi tí orí ọmú bọ́ sí gan-an. Ẹ fa ìlà kan láti ìsàlẹ̀ bébà gòkè dé ibi àmì yẹn, kí ẹ wá yà láti ibẹ̀ lọ sí ihò apá, sí apá ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ fa òmíràn láti ẹ̀gbẹ́, kí ó gba àárín dáàtì (ibi tí a máa ń ṣẹ́ rán kí aṣọ lè gba ọmú) wá bá àmì náà. Ẹ gé ìlà àkọ́kọ́ láti ìsàlẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kí ó ku fínfín ní ihò apá kí bébà má baà já. Ẹ gé ìkejì náà, kí ó ku fínfín lẹ́bàá àmì. Bí ẹ bá wá fa apá ẹ̀gbẹ́ síta ní íǹṣì 1½, ẹ ó rí i tí dáàtì á là sí i fúnra rẹ̀, tí ẹ̀gbẹ́ á sì gùn sílẹ̀ ju àárín lọ. Ẹ gé àárín náà ní ìbú nítòsí ìsàlẹ̀, kí ẹ sún ìsàlẹ̀ tí ẹ gé yẹn wálẹ̀ títí wọ́n á fi dọ́gba, kí ẹ wá fi bébà mìíràn lẹ gbogbo ibi tó là. Ẹ má ṣe gé gígùn tó yọ yẹn sọnù. Ọmú tó tóbi máa ń gba gígùn bó ṣe ń gba fífẹ̀, àìsí gígùn náà ló ń mú kí iwájú bùbá máa gbé sókè.

Ẹni tí iṣẹ́ yìí bá le jù fún, àwọn kọ́ńpìnnì kan wà tó ya kọ́ọ̀pù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sínú pátánì wọn. Cashmerette ní láti C títí dé H. Àyà òkè náà la ṣì máa wọ̀n.

Kọ́mú tí ẹ máa wọ̀ sí aṣọ náà ni kí ẹ wọ̀ nígbà tí ẹ bá ń wọn ara. Kọ́mú tó ti rọ̀ á jẹ́ kí orí ọmú lọ sílẹ̀, dáàtì yín á wá máa tọ́ka sí ibi tí kò sí nǹkan kan. Ẹ má sì fi sáìsì tí ẹ ń rà ní ṣọ́ọ̀bù mú pátánì, nọ́ńbà méjèèjì kì í bára mu.

Àwa tí a ń ra pátánì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí a ń gbé e lọ tẹ̀ ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, a tún ní àṣìṣe tiwa. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè fún un pọ̀ kí ó lè gba ojú bébà A4. Tí ó bá tẹ̀ ẹ́ ní 95%, gáùn tó yẹ kí àyà rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 48 ti di 45.6, ẹ ò sì ní mọ̀ títí ẹ ó fi rán an tán. Ẹ sọ fún ọmọ tó ń tẹ̀ ẹ́ pé 100% ni kí ó fi sí. Ojú ewé tí wọ́n ya àpótí kékeré ìdánwò sí ni kí ó kọ́kọ́ tẹ̀, kí ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n níbẹ̀ bóyá ó bá nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i mu, kí ó tó tẹ ìyókù. Ẹ tún wò ó bóyá wọ́n ti fi aláwánsì sí i, ìyẹn etí aṣọ tí a máa rán wọnú. Àwọn pátánì ńlá ti Amẹ́ríkà sábà máa ń ní íǹṣì 5/8 nínú, ṣùgbọ́n ti ìwé ìròyìn Burda kì í ní, ẹ̀yin lẹ máa fi í kún un.

Èyí tó tún ń ba owó jẹ́ ni kí á ra aṣọ kí á tó tẹ́ bébà sílẹ̀ wò. Àńkárá tí à ń rà ní Wuse, tí àwọn Hausa ń pè ní atamfa, sábà máa ń fẹ̀ tó nǹkan bí íǹṣì 45. Bí ẹ bá ká a sí méjì, 22½ ló kù. Gáùn tí etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ máa yí tó 100, ìdajì iwájú rẹ̀ nìkan jẹ́ 25. Kò lè wọ̀ ọ́. Àfi kí ẹ fi ìránpọ̀ sí àárín iwájú tàbí kí ẹ dín yíyí rẹ̀ kù. Ó sàn kí ẹ mọ̀ ọ́n nílé ju kí ẹ mọ̀ ọ́n lẹ́yìn tí sísọ́ọ̀sì ti wọ aṣọ. Ẹ fọ àńkárá yín kí ẹ tó gé e. Kí ẹ sì ṣọ́ àwòrán rẹ̀ o: òbíríkítí ńlá méjì tó bọ́ sórí ọmú méjèèjì kì í yẹ ẹnikẹ́ni.

Àyè mímí ńkọ́? Wọ́n sábà máa ń kọ bí aṣọ ṣe máa fẹ̀ tó lẹ́yìn tí a bá rán an tán sára bébà tàbí ẹ̀yìn àpò. Ẹ yọ nọ́ńbà ara yín kúrò nínú rẹ̀, èyí tó bá kù ni àyè mímí. Lórí àńkárá tí kì í nà, mo máa ń fi íǹṣì 3 sí 4 sílẹ̀ ní àyà ẹni tó sanra. Gínì, shadda ti àwọn ará Kano yẹn, le ju àńkárá lọ, mo máa ń fi kún un sí i. Ìdí ní tirẹ̀, orí ìjókòó ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, torí itan àti ikùn máa ń tẹ́ bí a bá jókòó. Gáùn tó gbà yín lórí ìdúró lè já nínú kẹ̀kẹ́ kí ẹ tó dé ibi òde.

Apá náà ń fìyà jẹ èèyàn, pàápàá nínú ooru oṣù kẹta àti ìkẹrin nílùú Abuja yìí. Bí ọwọ́ aṣọ bá fún, ẹ má tìtorí rẹ̀ mú sáìsì tó tóbi jù. Ẹ la bébà ọwọ́ nìkan ní àárín kí ẹ fẹ̀ ẹ́, kí ó fi bí íǹṣì 2 ju apá yín lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ikùn: iwájú nìkan ni kí ẹ fi fífẹ̀ àti gígùn kún. Ẹ̀yìn ò bá wọn dá sí i. Bí ẹ bá pín in sí iwájú àti ẹ̀yìn, ìlà ẹ̀gbẹ́ á máa wọ́ bọ̀ síwájú, ìdí á sì fẹ̀ jù.

Ó wá ku ìmọ̀ràn tí mo máa ń gbọ́ tí kì í dùn mọ́ mi, pé kí ẹni tó sanra kàn rán búbù ńlá kí ó sá sínú rẹ̀. Búbù dáa, mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n orí èjìká náà ló ń rọ̀ sí. Bí ọrùn rẹ̀ bá tóbi jù, ẹ ó máa fà á gòkè láti àárọ̀ dalẹ́. Aládùúgbò mi tó jẹ́ Hausa sanra jù mí lọ, ríga dà zànì rẹ̀, ìyẹn bùbá àti ìró tiwọn, sì máa ń mọ́ ọn lára ní àyà àti ìbàdí, ẹwà rẹ̀ á yọ kedere.

Bẹ́ẹ̀dìṣíìtì àtijọ́ ni mo fi dán gáùn kejì ti Ìyá Ìbejì wò, mo kàn sáré rán an pọ̀, kò ní síìpù, píìnì la fi dè é lẹ́yìn. Mo ní kí wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ìgbà tí wọ́n ń yin Olúwa, kí wọ́n tẹ̀ ba bí ẹni tó fẹ́ pọn ọmọ, kí wọ́n sì jókòó. Ihò apá fún díẹ̀ lápá òsì, mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Wọ́n wá na ọwọ́ gbé báàgì wọn nílẹ̀, èjìká gáùn náà ò kúrò níbi tó wà.